Bí Kọ̀ǹpútà Bá Ní Kò Sí

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ààbò lẹ́nu iṣẹ́ sọ

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yunifásítì. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró wa ni, ọ̀rọ̀ etí wa ni, ọ̀rọ̀ owó ìsanpadà àwọn tí iṣẹ́ ti sọ di aláìsàn ni pẹ̀lú. Gbogbo wa la mọ bí ó ṣe máa ń rí. Ẹgbẹ́ yóò jókòó pẹ̀lú àwọn agbanisíṣẹ́. A ó ní èéfín dísẹ̀lì ń ba àyà àwọn awakọ̀ jẹ́, tàbí kí a ní ariwo ẹ̀rọ ń di wá létí, tàbí kí a ní eruku òwú ń há wa láyà. Ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Ẹ̀rí dà?" Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan yóò fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, yóò tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, yóò sì gbé ojú sókè wí pé, "A ti wò ó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Bí a kò bá ṣọ́ra, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò parí sí, a ó sì fọwọ́ sí ìwé tí kò yẹ kí a fọwọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ "kò sí" yìí ni a fẹ́ tú wò. Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a sọ gbòǹgbò rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ní kò sí, ìbéèrè tí a bi í ló dáhùn, kì í ṣe ọ̀ràn tó wà nílẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé kò sí ìwé kan tó bá gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ mu, ní ibi tí ẹ ti wá a, lábẹ́ àṣẹ tí ẹ fún un. Kò sọ pé èéfín kò pa ènìyàn. Apẹja tó ju àwọ̀n olójú ńlá sódò, tí kò rí ẹja kékeré mú, kò gbọdọ̀ wá sílé wá wí pé odò ti gbẹ.

IBI TÍ A Ó TI WÁ A

Ibi tí àwọn onímọ̀ ń kó ìwádìí wọn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ lónìí ni PubMed. Ilé ìkówèésí ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tó wà ní Bethesda ní ìpínlẹ̀ Maryland, ló ń bójú tó o. Láti ọdún 1997 ni wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Kò gba kọ́bọ̀, kò sì ní kí a forúkọ sílẹ̀ kí a tó wọlé. Àkọsílẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 35. Awakọ̀ tó ní fóònù tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì lè wọ ibẹ̀ láti inú gáréèjì, bí dókítà ṣe ń wọ̀ ọ́ láti ọsibítù.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: káàdì ìwé ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ìwé fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ ilé ìkówèésí àtijọ́ rí yóò rántí àwọn dúrọ́ọ̀ kéékèèké tí káàdì kún inú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni PubMed rí. Káàdì kọ̀ọ̀kan ń sọ àkọlé àpilẹ̀kọ, orúkọ àwọn tó kọ ọ́, ìwé ìròyìn onímọ̀ tó gbé e jáde, ọdún rẹ̀, àti lọ́pọ̀ ìgbà àlàyé ṣókí nípa ohun tí wọ́n rí. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí káàdì nìkan ni ẹ̀rọ náà ń wò nígbà tí ẹ bá bi í léèrè. Bí ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ bá wà ní ojú ewé kẹwàá àpilẹ̀kọ náà, ṣùgbọ́n tí kò sí lórí káàdì, ẹ̀rọ yóò ní kò sí.

Ó wá ku bí a ó ṣe ṣe é nígbà tí òfo bá jáde. Mẹkáníìkì tó gbọ́n kì í tú ẹnjìnnì kó tó wo bóyá epo wà nínú táǹkì. Ẹ jẹ́ kí àwa náà tẹ̀ lé e ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ, láti orí èyí tó rọrùn jù.

ÈKÍNÍ: ṢÉ Ẹ̀RỌ LÓ DÁKẸ́, ÀBÍ Ó DÁHÙN?

Ojú ìwé òfìfo yàtọ̀ sí ojú ìwé tí wọ́n kọ sí gbangba pé wọn kò rí èsì. Bí ojú ìwé bá funfun láìsí ọ̀rọ̀ kankan, tàbí tí ó ń yí, tí kò dúró, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ló ṣeé ṣe kó ti já, tàbí kí ojú ìwé náà má tíì wọlé tán. Ẹ̀rọ kò tíì gbọ́ ìbéèrè yín rárá.

Ọ̀nà kan wà láti dán an wò. Ẹ pa gbogbo ohun tí ẹ tẹ̀ rẹ́, kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ mọ̀ dájú pé ìwé rẹ̀ pọ̀, bí "malaria". Bí "malaria" bá mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé jáde, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè yín àkọ́kọ́ ni kí ẹ lọ tún ṣe. Bí "malaria" pẹ̀lú bá mú òfo wá, ẹ má ṣe dá ìbéèrè yín lẹ́bi. Ẹ wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ wo fóònù, ẹ tún ojú ìwé náà ṣí. Ìdánwò yìí kò gba ìṣẹ́jú kan, a sì gbọdọ̀ ṣe é lójú ẹni tó ní kò sí.

ÈKEJÌ: Ẹ WO ASẸ́ TÓ WÀ LẸ́NU Ọ̀NÀ

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì ìwárí ni àwọn asẹ́ wà. A lè fi asẹ́ sọ pé ìwé ọdún 5 sẹ́yìn nìkan la fẹ́, tàbí èyí tí a lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ nìkan, tàbí èyí tí wọ́n kọ ní èdè kan pàtó. Asẹ́ wúlò. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nípa rẹ̀ tó yẹ kí gbogbo aṣojú mọ̀: nínú PubMed, asẹ́ tí ẹ bá ti fi sí i kì í kúrò nígbà tí ẹ bá béèrè ọ̀rọ̀ mìíràn. Yóò wà níbẹ̀ títí ẹ ó fi yọ ọ́. Bí ẹni tó lo kọ̀ǹpútà ṣáájú yín bá fi asẹ́ ọdún 1 sílẹ̀ níbẹ̀, asẹ́ yẹn ni yóò sẹ́ ìbéèrè tiyín pẹ̀lú.

Ẹ wo ohun tí èyí lè ṣe fún àwọn ará wa ní ilé iṣẹ́ aṣọ. Àìsàn kan wà tí eruku òwú ń fà, orúkọ rẹ̀ ni byssinosis. Ẹni tó ní i, àyà rẹ̀ yóò há ní ọjọ́ Ajé nígbà tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìsinmi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò dẹ̀ díẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń lọ. Nígbà tó bá pẹ́, kì í dẹ̀ mọ́. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni Richard Schilling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá lórí àìsàn yìí láàárín àwọn òṣìṣẹ́ òwú ní Lancashire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1978 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin lórí ìwọ̀n eruku òwú tí a gbà láàyè nínú ilé iṣẹ́. Bí ẹnì kan bá fi asẹ́ ọdún 5 sẹ́yìn sí ìwárí yìí, gbogbo iṣẹ́ ìgbà yẹn yóò pòórá lójú yín. Bí ó bá fi asẹ́ "kí ó ní àlàyé ṣókí" sí i, púpọ̀ nínú wọn yóò tún pòórá, nítorí pé káàdì àwọn ìwé tó ti pẹ́ kí ọdún 1975 tó dé kì í sábà ní àlàyé kankan ju àkọlé lọ. Ìwé náà kò sọnù. Asẹ́ ló dá a dúró.

Nítorí náà, kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ "kò sí" gbọ́, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Clear all" sí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tún béèrè.

Ẹ̀KẸTA: Ẹ WO SÍPẸ́LÌ ÀTI ÀMÌ ÀYỌLÒ

Lẹ́tà kan tó bá ṣáko lè gbé ìwárí sọnù. Orúkọ àìsàn tí a dá yìí, "y" ló tẹ̀ lé "b", "s" sì jẹ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Fóònù pẹ̀lú máa ń tún ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ ṣe fúnra rẹ̀, tí yóò sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ mìíràn kí ẹ tó mọ̀. Ẹ ka ohun tó wà nínú àpótí ìwárí lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ má ka ohun tó wà lọ́kàn yín. Bí ẹ̀rọ bá kọ ìkìlọ̀ sókè pé ọ̀rọ̀ kan báyìí ni òun kò rí, ẹ kà á. Ó ń tọ́ka sí ibi tí àléébù wà.

Àmì àyọlò náà ń ṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ sínú PubMed láìsí àmì àyọlò, ẹ̀rọ náà máa ń bá yín wá orúkọ mìíràn tí nǹkan náà ń jẹ́. Bí ẹ bá fi àmì àyọlò há ọ̀rọ̀ náà mọ́, ẹ ti ní kó má ràn yín lọ́wọ́. Bí ẹ ṣe kọ ọ́ gan-an ni yóò wá. Ẹ yọ àmì náà, kí ẹ tún béèrè.

Bí ó bá jẹ́ orúkọ ẹni tó kọ ìwé lẹ ń wá, orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ yòókù ni yóò tẹ̀ lé e, láìsí àmì ìdánudúró. Ìwé tó ti jáde kí ọdún 2002 tó dé, lẹ́tà yẹn nìkan ló wà lórí káàdì rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ orúkọ àbísọ lódindi lè rí òfo, bẹ́ẹ̀ onítọ̀hún ti kọ ogún ìwé.

Ẹ̀KẸRIN: Ẹ DÍN Ọ̀RỌ̀ KÙ

Ibí yìí ni òfo ti ń wá jù lọ. A máa ń bi ẹ̀rọ léèrè bí ẹni ń bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Ẹ wo ìbéèrè yìí: "effects of diesel smoke on the health of danfo drivers in Lagos State Nigeria". Ní etí ènìyàn, ìbéèrè tó dára ni. Ní etí ẹ̀rọ, àṣẹ ni. Yóò fi "AND" so àwọn ọ̀rọ̀ náà pọ̀, èyí ni pé yóò máa wá káàdì kan tí dísẹ̀lì wà lórí rẹ̀, tí èéfín wà, tí ìlera wà, tí danfo wà, tí awakọ̀ wà, tí Èkó wà, tí Nàìjíríà wà, gbogbo wọn pọ̀ lórí káàdì kan náà. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, kò sí. Bí ẹ bá ṣe ń fi ọ̀rọ̀ kún un ni ẹnu ọ̀nà ń fún sí i.

Ẹ máa yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ orúkọ ìlú. Ẹ yọ irú ọkọ̀. Ẹ fi ohun tó ń ṣe ni àti ohun tó ń fà á nìkan sílẹ̀: "diesel exhaust AND lung cancer", èéfín dísẹ̀lì àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì nìyí. Ní oṣù kẹta ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà 12,315, ní ibi ìwakùsà 8 tí ẹ̀rọ dísẹ̀lì ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n rí i pé bí èéfín tí òṣìṣẹ́ fà sínú bá ṣe pọ̀ tó ni ikú láti ọwọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń pọ̀ sí i láàárín wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, àjọ tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, tó wà ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, kéde pé èéfín ẹnjìnnì dísẹ̀lì ń fa jẹjẹrẹ. Láti ọdún 1988, ohun tí àjọ náà ti ń sọ ni pé ó ṣeé ṣe kó máa fà á. Ní ọdún 2012, ó bọ́ sí ipò àwọn ohun tó dájú.

Ẹ jẹ́ kí a wá ronú. Lórí káàdì ìwádìí àwọn awakùsà yẹn, ẹ kò ní rí Èkó, ẹ kò sì ní rí danfo. Ẹni tó bá fi Èkó àti danfo sínú ìbéèrè rẹ̀ kò lè rí i láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró awakùsà Amẹ́ríkà àti ẹ̀dọ̀fóró awakọ̀ Èkó, ẹ̀dọ̀fóró kan náà ni. Òótọ́ ni pé èéfín inú ihò kùsà àti èéfín ojú títì lè yàtọ̀ ní ìwọ̀n, a sì gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè wí pé ẹ̀rí kò sí.

ÈKARÙN-ÚN: Ẹ PÈ É NÍ ORÚKỌ TÍ ÀWỌN DÓKÍTÀ Ń PÈ É

Orúkọ tí a ń pe nǹkan ní gáréèjì lè má jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́ nínú ìwé. Awakọ̀ yóò ní "waist pain" ń dà á láàmú. Lórí káàdì àwọn onímọ̀, "low back pain" ni. Òṣìṣẹ́ inú ilé ẹ̀rọ yóò ní etí òun ti ń di. Wọ́n ń pe tirẹ̀ ní "noise-induced hearing loss". Èéfín ọkọ̀, "vehicle emissions" ni. Ewu tí ènìyàn bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́, "occupational exposure" ni. Ẹni tó ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe, tí inú ń run ún, tí ara rẹ̀ kò sì mókun, kí ó wá "lead poisoning", nítorí òjé inú bátìrì lè wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàdédé wáyé. Láti ọdún 1960 ni ilé ìkówèésí Bethesda ti ní ìwé orúkọ tí wọ́n ń pè ní MeSH, tí wọ́n fi ń fún ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kan ṣoṣo, kí ó má baà sí ìdàrúdàpọ̀. Bí ẹ bá ti rí orúkọ náà, ẹ ti rí kọ́kọ́rọ́. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti rí i ni kí ẹ wá àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo tó bá ọ̀rọ̀ yín mu, kí ẹ ṣí káàdì rẹ̀, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n to àwọn orúkọ MeSH sí, bí ó bá ní wọn. Ẹ fi àwọn orúkọ yẹn tún béèrè. Ìwé kan ni yóò mú yín dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀.

Bí ó bá rú yín lójú, ẹ bi nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ tàbí dókítà tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé pé, "Kí ni orúkọ àìsàn yìí nínú ìwé yín?" Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ̀KẸFÀ: Ọ̀RỌ̀ KÉKERÉ MẸ́TA

AND, OR àti NOT ni àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Lẹ́tà ńlá ni kí ẹ fi kọ wọ́n nínú PubMed. AND ń fún ọ̀nà: méjèèjì gbọdọ̀ wà. OR ń fẹ ọ̀nà: èyíkéyìí tó bá wà ti tó. Bí ẹ bá kọ "truck OR lorry OR bus", ẹ ó rí ìwé gbogbo awakọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ bá kọ AND sí ipò yẹn, ẹ ó máa wá ìwé tó dárúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni irú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo OR àti AND pọ̀, ẹ fi àmì akámọ́ kó àwọn tí OR so pọ̀ jọ, nítorí láti apá òsì sí apá ọ̀tún ni ẹ̀rọ ń ka àṣẹ.

NOT ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Agbanisíṣẹ́ lè ní sìgá ló ń pa awakọ̀, kì í ṣe èéfín ọkọ̀. Ẹnì kan lè wá fi "NOT smoking" sí ìwárí, kí ó lè yọ ọ̀rọ̀ sìgá kúrò. Ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe ni pé yóò sọ gbogbo ìwé tí ọ̀rọ̀ yẹn wà lórí káàdì rẹ̀ nù. Bẹ́ẹ̀, ìwádìí tó dára jù lọ ni àwọn tó dárúkọ sìgá, nítorí pé wọ́n béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ bóyá ó ń mu ún, wọ́n sì yọ ipa rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò. Ìwádìí àwọn awakùsà ọdún 2012 ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi NOT sí i ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ẹ̀rí tó lágbára jù síta.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ "Advanced" sí. Ìtàn gbogbo ìwárí yín wà níbẹ̀, àti iye ìwé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú jáde. Ẹ ṣí "Details", ẹ ó rí ìbéèrè náà bí ẹ̀rọ ṣe tú u.

ÈKEJE: ṢÉ ỌJÀ TÍ WỌ́N TI Ń TÀ Á LẸ WỌ̀?

Ẹni tó wọ ọjà ẹran láti ra aṣọ kò gbọdọ̀ bínú bí kò bá rí aṣọ rà. Ọ̀rọ̀ ìlera àti ìmọ̀ ohun alààyè ni PubMed wà fún. Bí ọ̀rọ̀ yín bá jẹ́ ti owó oṣù, ti òfin iṣẹ́, tàbí ti ìtàn ìyanṣẹ́lódì, ẹ lọ sí Google Scholar, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, tó sì ń wá gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀. Àwọn ìwé ìròyìn onímọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Áfíríkà, tí púpọ̀ nínú wọn kò sí ní Bethesda, ẹ lè rí wọn ní African Journals Online, tí wọ́n ń pè ní AJOL, tó wà láti ọdún 1998. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tiwa lórí ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì, ibi ìlagi àti gáréèjì. A kì í wá ohun tó wà nínú ṣòkòtò lọ sí Sókótó.

Ẹ má sì ṣe pe ìlẹ̀kùn títì ní òfo. Nígbà mìíràn ẹ ó rí káàdì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ ka ìwé náà, wọn yóò ní kí ẹ san owó. Ìwé wà, ilẹ̀kùn ló tì. Ẹ wò bóyá ó wà ní PubMed Central, níbi tí a ti ń ka ìwé lódindi lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2000. Bí kò bá sí, ẹ bẹ olùtọ́jú ìwé ní yunifásítì tàbí ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó súnmọ́ yín, tàbí kí ẹ kọ lẹ́tà sí ẹni tó ṣe ìwádìí náà. Púpọ̀ nínú wọn máa ń dùn pé òṣìṣẹ́ fẹ́ ka iṣẹ́ àwọn.

Ẹ̀KẸJỌ: Ẹ KỌ Ọ́ SÍLẸ̀

Gbogbo ìwárí tí ẹgbẹ́ bá ṣe, kí a kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́ tí a wá a, ibi tí a ti wá a, ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ gẹ́lẹ́, asẹ́ tó wà lórí rẹ̀, àti iye ìwé tó jáde. Ìdí ni pé ẹlòmíràn gbọdọ̀ lè tún un ṣe kí ó rí ohun kan náà. Ẹ béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ pẹ̀lú. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ní, "A ti wò ó, kò sí," kí aṣojú wa fi ohùn pẹ̀lẹ́ wí pé, "Ẹ ṣeun, sà. Ọ̀rọ̀ wo ni ẹ tẹ̀? Níbo? Asẹ́ wo ló wà lórí rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a jọ tún un ṣe nísinsìnyí." Ẹni tó wá a tọkàntọkàn kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn.

BÍ Ó BÁ WÁ JẸ́ ÒFO TÒÓTỌ́ ŃKỌ́?

Ó lè ṣẹlẹ̀. A lè ti ṣe gbogbo èyí, kí a sì rí i pé kò sí ẹni tó ti ṣe ìwádìí lórí irú iṣẹ́ wa rí. Kí ni a ó sọ nígbà náà? A kò ní purọ́ pé ẹ̀rí wà. Ẹgbẹ́ tó bá parọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọn kò ní gbà á gbọ́ mọ́ nígbà tó bá ń sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n a kò ní gbà pẹ̀lú pé kò séwu. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì wò, a kò lè wí pé ó mọ́. Òfo tòótọ́ ń sọ fún wa pé ó tó àkókò láti wọ̀n ọ́n. Kí a béèrè pé kí wọ́n mú ẹ̀rọ tó ń wọn ariwo wá, kí wọ́n mú èyí tó ń wọn eruku wá, kí wọ́n yẹ àyà àti etí òṣìṣẹ́ wò, kí àbájáde rẹ̀ sì tẹ aṣojú wa lọ́wọ́.

Ẹ fi ti ariwo ṣe àpẹẹrẹ. Àjọ NIOSH ti ìjọba Amẹ́ríkà, tó ń ṣe ìwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́, ní kí ariwo má ju ìwọ̀n 85 lọ, lórí ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní décíbẹ́ẹ̀lì, fún wákàtí 8 iṣẹ́. Bí ó bá fi 3 lé sí i, tó di 88, wákàtí 4 péré ni ó yẹ kí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni ti kọ ìwé nípa ilé iṣẹ́ yín kí ẹ tó lo ìmọ̀ yìí. Ìwọ̀n wà nínú ìwé. Ariwo wà nínú ilé iṣẹ́. Ó ku ẹni tí yóò fi ọ̀kan wọn èkejì.

Ẹ̀tọ́ wa ni a ń béèrè, kì í ṣe ojúrere. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, àpérò gbogbogbòò ti Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ fi ibi iṣẹ́ tó láàbò kún àwọn ìpìlẹ̀ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Nílé wa níbí, Òfin Ìsanpadà fún Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 dá àìsàn tí iṣẹ́ fà mọ̀, kì í ṣe ìjàm̀bá nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tí eruku bà jẹ́ láyà yóò nílò ẹni tó lè so àìsàn rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà yẹn ni ìwé tí a rí yóò sọ̀rọ̀ fún un.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ohun tí a ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn méjì tí wọ́n mọ fóònù lò, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́, ọ̀kan nínú àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀dọ́ mọ bí a ti ń tẹ̀ ẹ́. Àgbà mọ ohun tó yẹ kí a béèrè. Kí wọ́n mú ọ̀ràn kan ṣoṣo tó ń jẹ ẹ̀ka yín lọ́kàn, kí wọ́n tẹ̀ lé ọ̀nà mẹ́jọ tí a sọ yìí, kí wọ́n sì mú ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, ì báà jẹ́ ìwé ni wọ́n rí, ì báà jẹ́ òfo. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Kí iṣẹ́ má pa wá o.